Bàdírù Àjàmú, Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Àyà Ìyàwó Rẹ̀

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí Bàdírù sí lọ́dún 1985. Gafar Àjàmú, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ru ẹrù ní èbúté Àpápá, ni bàbá rẹ̀; Ramlah ni ìyá rẹ̀. Ó ka ìwé mẹ́wàá, ó sì ń wa kẹ̀kẹ́ ní Boundary. Láti kékeré ni kò ti lè jókòó sójú kan. Ìdúró ló ti ń jẹun.

Ọdún 2016 ló fẹ́ Oghenefejiro, ọmọ Urhobo tó ń ta ẹja yíyan ní Marine Beach. Ọkọ ń kírun, ìyàwó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn ò dájà sílẹ̀ rí.

Lọ́dún 2022, Fejiro lóyún. Àìsàn ọkàn tó ti ní tẹ́lẹ̀ wá le sí i: ọkàn rẹ̀ á ṣàdédé máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ojú rẹ̀ á ṣú, á fẹ́ dákú. Dókítà kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ fi oògùn sílẹ̀, torí bí ọkàn ìyá bá dúró, ọmọ inú náà ò ní là á. Àmọ́ àwọn ará ilé ní, "Aboyún kì í lo oògùn líle. Ṣé o fẹ́ bí arọ ni?" Ẹ̀rù ba Fejiro. Abẹ́ ahọ́n ló ń fi oògùn sí, tó bá yá, á tu ú dànù. Bàdírù rí oògùn náà lẹ́yìn garawa omi.

Kò pariwo. Ó ní, "Gbé e mì, kí o wá kí mi kí n gbọ́."

Láti ọjọ́ náà, Fejiro gbọ́dọ̀ kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọkọ nílé wọn: "Mígwo!" "Mo kúnlẹ̀" nìyẹn. Ẹni tí oògùn wà lẹ́nu rẹ̀ ò lè pè é já gaara. Ọkọ á ní, "Vrẹndo," ìyẹn ni "dìde", kó tó ṣáná sí kẹ̀kẹ́.

"Ṣé ọkọ mi ni ẹ́ ni àbí wọ́dà?"

"Wọ́dà ni mí. Ẹ̀wọ̀n rẹ kù díẹ̀."

Kò gbé èrò ọ̀nà jíjìn mọ́. Á ná Boundary lẹ́ẹ̀kan, á tún yà wálé wá wò ó. Lọ́jọ́ tí ọkàn náà sáré tí kò rọlẹ̀, òun ló gbé e dé ọsibítù. Wọ́n fi iná mànàmáná sí i láyà toyún-toyún. Ọkàn padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ sì tún ń ta nínú. Lọ́dún 2023, Zulfah wáyé.

Gbogbo wa ń ṣọ́ ìyàwó; kò sẹ́ni tó ṣọ́ ọkọ. Orí ń fọ́ ọ, ó ní oòrùn ni. Ramlah ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò. "Màámi, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ rìn ná." Ọmọ rìn, kò lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ìyá kì í rí sàréè ọmọ. Ilé ni Ramlah jókòó sí.

Ó fi ìyá, ìyàwó àti Zulfah sáyé. Láràárọ̀, Fejiro ṣì ń gbé oògùn rẹ̀ mì, á kọjú sẹ́nu ọ̀nà: "Mígwo!" Ramlah tí kò gbọ́ èdè wọn rí ló ń dáhùn láti inú yàrá: "Vrẹndo."

Bàdírù, ó ti gbé e mì. Wá jókòó wàyí. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ọ. Sùn re.