Ajá tí Ọmọ Mi Ń Fọ̀rọ̀ Lọ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Ẹsẹ̀ ńkọ́, egungun ńkọ́, ọ̀pá tí o fi ń rìn náà ńkọ́? Ẹlẹ́dàá tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ tó gbá ẹ gbà ẹ́ lọ́wọ́ mi kò ní fi ìwòsàn rẹ mọ sí ìdajì. Àlàáfíà la wà nílé. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ìjì ṣí páànù ilé ìdáná, bàbá yín sì ní kí n kí ẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Ìjà náà nìyí. Àwòrán tí o fi sórí fóònù dé. Mo rí ẹ lórí àga onítáyà ní ọsibítù, mo rí ajá tó gbórí lé ẹ nítan, ó wọ ẹ̀wù, ó so káàdì mọ́rùn bí ọ̀gá báńkì. O ní iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa tu aláìsàn nínú, pé ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè lórí ẹ̀. Ó dáa. Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀, ta ló fún mi ní káàdì? Kì í ṣe pé mò ń jowú o. Mo kàn bi bàbá yín pé kí ni ajá ní tí mi ò ní, wọ́n dá mi lóhùn pé ìrù ni.

O tún ní wọ́n ń kó yín lọ gbin ewébẹ̀ lọ́gbà kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ìwọ tí ẹ̀yìn máa ń ro tá a bá ti fa ọkọ́ yọ! Àṣé oògùn ni oko wa látijọ́, tí mò ń na ẹ́ kó o tó lò ó?

Mo ní kí n dán tèmi wò. Mo jókòó ti ewúrẹ́, mo ń rò fún un pé láti ìgbà tí ọkọ̀ ti gbá ẹ, o ò sọ fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀, pé ara rẹ le ni gbogbo ohun tí mò ń gbọ́ kó o tó pa fóònù. N kò tíì rò ó dé ìdajì tí ewúrẹ́ ti ń jẹ etí ìró mi.

Ni mo bá pe nọ́ọ̀sì yín lánàá. Ó ní o ti ń sọ gbogbo ẹ̀ fún ajá náà, o tiẹ̀ sunkún sí i lára. Inú mi dùn, inú kan náà sì ń ta mí bí ata. Mo ní kí lo sọ? Ó ní òun ò mọ̀, òun máa ń bọ́ síta. Mo ní kó yáa gbé fóònù fún ajá, kí n bi í fúnra mi. Ó rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ó gbé e sí i létí. Mo ní ìwọ ajá yìí, kí lọmọ mi wí? Mímí ló ń mí. Mo tún bi í, mímí. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi, kò ní kí n ṣọkàn akin, kò ní ṣebí ọmọ ti yè. Kí n tó mọ̀, èmi ni mò ń rojọ́, pé lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí, mo rò pé òkú rẹ ni wọ́n fẹ́ túfọ̀. Mo sunkún, ajá ń mí.

Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀, mo gbà. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ mo gbà.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Fi rán awakọ̀, má fi gba inú fóònù, kó má lọ jábọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn nígbà tí mo bá ń pè é. Tí mo bá dé, mi ò ní bi ẹ́ ní nǹkan kan. Kí ajá jókòó lápá kan, kí n jókòó lápá kejì, kó o máa bá ẹni tó bá wù ẹ́ sọ̀rọ̀, èmi á máa mí.

Ẹsẹ̀ rẹ á gbé ẹ délé, ohun tó ń dẹ́rù bà ẹ́ kò ní bá ẹ sùn mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni kó o gbé lé mi léjìká o. Kí ajá gba òsì.

Èmi ni ìyá rẹ.