Àpótí Kékeré Tí Dádì Palmgrove Fi Sílẹ̀

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ojú yín mọ àwọ̀,

Tẹlifíṣọ̀n yín ti padà sílé. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn kí n tó sọ bó ṣe padà, nítorí kò dá mi lójú pé inú yín máa dùn sí ohun tí mo ṣe. Inú tèmi dùn. Ó dùn débi pé ẹ̀rù ara mi ń bà mí.

Ẹ rántí ọjọ́ tí a lọ rà á? Gbogbo ìgbà tí ẹ fi ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ẹ máa ń gbé bébà sójú oòrùn kí ẹ lè mọ̀ bóyá pupa ti pọ̀ jù lójú ẹni tó wà nínú kàlẹ́ńdà. Ojú yẹn náà lẹ gbé wọ ìsọ̀ àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tó ṣókùnkùn nínú fíìmù hàn yín, ẹ wá ní dúdú tiwọn kò dúdú, eérú ni. Mo dúró lẹ́yìn yín, ojú ń tì mí. Nígbà tí ẹ rí èyí tó wù yín tán, ẹ tún lọ ra àpótí dúdú kan tí kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, ẹ so ó mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ ní tẹlifíṣọ̀n kàn ń fi àwòrán hàn ni, àpótí yẹn ló ń ka fídíò fún un. Ẹ dán oríṣiríṣi áàpù wò lórí rẹ̀. Ọ̀kan ń kun ojú èèyàn bí ojú ìyàwó tuntun. Òmíràn ń gbé ìpolówó ọjà jáde níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Èyí tí ẹ wá mú ló burẹ́wà jù láti wò, ṣùgbọ́n àwòrán kì í já nínú rẹ̀, ohùn sì máa ń bá ẹnu mu. Màámi máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ kì í wo fíìmù, ẹ kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Àwọn tó wá kẹ́dùn ikú yín ò tíì lọ tán nígbà tí Dádì Palmgrove, àbúrò yín, gbé ọkọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ogún ẹ̀gbọ́n òun lòun wá kó.

“Ìyàwó wa, kí lẹ fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n ńlá yìí ṣe? Ṣebí fóònù náà ń gbé fíìmù.”

Màámi ṣì wà nínú aṣọ dúdú. Dádì Palmgrove gbé tẹlifíṣọ̀n. Ó gbé sípíkà méjèèjì. Ó tún gbé ẹ̀rọ fídíò àtijọ́ tí a kì í lò mọ́, torí pé ó tóbi. Ó mú àpótí kékeré yẹn lọ́wọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn.

“Ṣájà kí leléyìí?”

Ó jù ú sórí àga. Mo mú un, mo fi sápò.

Ohun tó ń jó mi nínú ni pé orí fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán ni Màámi ti ń wò yín. Fídíò tí Ẹ̀gbọ́n Wálé, ayàwòrán àdúgbò wa, fi kámẹ́rà ńlá rẹ̀ yà ni, níbi tí ẹ ti dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí ẹ ń ṣàlàyé bí àwọ̀ ṣe ń wọnú ara wọn. Ẹ ò ju ìka ọwọ́ lọ níbẹ̀. Màámi á gbé e sétí, bí ẹni ń gba ìpè.

Ọdún kìn-ín-ní ni mo wà ní yunifásítì, mo sì máa ń rò pé gbogbo àwọn tó kù ní kíláàsì ló gbọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fídíò yìí, mo kọ́ ọ bí ẹni ń pọ́n ọ̀bẹ. Mo wá mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n yẹn nìkan ò lè ka irú ohùn tí Ẹ̀gbọ́n Wálé fi gbà yín sílẹ̀. Nígbà tí Dádì Palmgrove wá kéde pé ilé òun ni gbogbo ẹbí ti máa fi fíláàṣì tí òun yá lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Wálé wo fídíò náà lọ́jọ́ ìrántí yín, mo ti mọ ohun tó ń bọ̀. Mi ò kìlọ̀ fún un. Mo kàn wọ aṣọ mi, mo fi àpótí sínú báàgì, mo lọ.

Pálọ̀ rẹ̀ kún. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, àwọn àna rẹ̀ wà níbẹ̀, Màámi jókòó sẹ́yìn, Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, jókòó síwájú. Ẹ yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ ń já gé-gé-gé, ẹnu yín ń mì, ohùn ò jáde.

Ìyá Àgbà pe Dádì Palmgrove lórúkọ: “Jídé, ohùn dà?”

“Ẹ ní sùúrù, Ìyá Àgbà. Nẹ́tíwọ̀kì ni.”

“Nẹ́tíwọ̀kì? Ṣé láti ọ̀run ló ti ń pè wá ni?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó tẹ rìmóòtù títí, ó wá yíjú sí mi.

“Ìwọ ọmọ yunifásítì, dìde wá tún un ṣe! Kí ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀?”

Mo dìde. “Àpótí tó ń mú un sọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ mi, sà.”

“Gbé e wá nígbà náà.”

“Rárá, sà. Pálọ̀ Màámi ni bàbá mi so ó mọ́. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti máa so ó.”

“Èmi lò ń dá lóhùn báyẹn?”

Ìyá Àgbà wo Màámi, wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n.

“Jídé, gbé e.”

“Èmi kẹ̀? Nínú aṣọ funfun yìí?”

“Ṣebí ìwọ lo gbé e wá. Bí o ṣe gbé e wá náà ni kí o ṣe gbé e padà.”

Bàbá mi, ọkọ̀ ọjọ́sí ò sí nílé, ló bá dì mọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Palmgrove dé ilé wa ní Fọlá Àgòrò, a sì ń tẹ̀ lé e nínú kẹ̀kẹ́ tiwa. Ìyá Ràṣídì, aládùúgbò wa, tó rí i nígbà tó ń kó o lọ wà lẹ́nu ìsọ̀ wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́: “Tẹlifíṣọ̀n, ẹ káàbọ̀ o! Ìrìn àjò ńkọ́?” Òógùn bo àbúrò yín. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an.

Mo kọ́kọ́ ki wáyà sódì. Lẹ́yìn náà ẹ sọ̀rọ̀. Dúdú yíǹkì yín dúdú. Màámi dìde, wọ́n sún mọ́ yín títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Kò sẹ́ni tó fún Dádì Palmgrove ní àga. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé.

Látìgbà náà ló ti ń pè mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n sẹ́ńdì fídíò náà sí fóònù òun. Mo mọ áàpù tí fóònù rẹ̀ nílò. Mo mọ bí mo ṣe lè dín fídíò náà kù kó lè wọ fóònù rẹ̀. Iṣẹ́ díẹ̀ ni. Mi ò ṣe é. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ bẹ Màámi. Ó ní ṣé òun fẹ́ máa bẹ ìyàwó ilé ni? Ẹ̀yin ìbá ti fi ránṣẹ́ sí i, àbí? Ṣé mo ti le jù? Ta ni kí n bi?

Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. Wọ́n ní Dádì Palmgrove wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó ní òun kàn fẹ́ gbọ́ ohùn yín díẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá kí àwọn jẹ́ kó wọlé. Mo ní kó wọlé, ṣùgbọ́n kí Màámi fúnra wọn mú rìmóòtù dání. Tí kò bá tíì bẹ̀ wọ́n kí ẹ tó la ẹnu nínú fídíò, kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kò tíì lè dárí jini, tó sì ń ṣàárò yín.