Ohun Tí Ẹnu Mi Sọ ní Pápá Ogun Àtijọ́

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú àárò wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílùú òyìnbó tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kápẹ́ẹ̀tì ni, tí aládùúgbò mi bá sì yọjú lójú fèrèsé, á rò pé mo dákú. Bàbá Làsísì, olórí ẹbí wa, mo kí yín, ẹ kú àbójútó. Ìyàwó wa Rìsíkátù, aya Bùrọ̀dá Kàmórù, ẹ kú ìfaradà o. Àfùsá ọmọ wọn, mo rí fọ́tò rẹ, o ti fẹ́ ga ju ìyá rẹ lọ. Sílífá àbúrò mi, ìwọ tó ń ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, o kú iṣẹ́ olùkọ́. Rọra kà á. Má fo ibì kankan, kódà bí o bá dé ibi tó le.

Kí o tó kà á kọjá ibí, pe gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bùrọ̀dá Kàmórù, ẹ̀gbọ́n wa, ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní wọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn òun. Mo fún àwọn oníwèé ìròyìn ní ẹ̀dà kan pẹ̀lú, nítorí mo mọ̀ pé ìyá tó ń retí ọmọ rẹ̀ sójà nílẹ̀ wa kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ojú bá máa tì mí, kó tì mí.

Ìyá mi, ẹ má dààmú nípa tèmi. Ara mi le, òtútù sì ti ń kẹ́rù rẹ̀ lọ, àwọn igi ń rúwé. Iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ náà ni mò ń ṣe, mo ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn: mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń bá wọn dáná, mo ń gbé wọn jáde kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn. Kò le tó kéèyàn jókòó ti agbada gàrí ní Alájùẹ láti òwúrọ̀, iṣẹ́ tí ẹ fi tọ́ wa. Ohun tó ń ṣe mí níbí ò ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Nílé wa, èèyàn ò lè sín kí ẹni mẹ́ta má dá a lóhùn. Níbí, mo lè jáde kí n wọlé fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má kí mi. Ìgbà mìíràn, èmi náà ni mo máa ń kí ara mi kú àbọ̀.

Bàbá tí mò ń tọ́jú báyìí, Díìn lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Ó ní kí n máa pe òun ní Díìn lásán. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó dàgbà ju bàbá wa tó ti lọ, èmi á wá la ẹnu pe orúkọ rẹ̀ bí ẹgbẹ́ mi? Bàbá ni mò ń pè é. Ó rò pé orúkọ ìnagijẹ ni, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Ọdọọdún ló máa ń lọ sí pápá ogun àtijọ́ kan, ìrìn bí Ẹdẹ sí Ìbàdàn. Lọ́dún yìí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ sì ń gbé ọ̀nà jíjìn, ló bá bẹ̀ mí pé kí n wa òun lọ, kí n fi kẹ̀kẹ́ arọ ti òun káàkiri. Ọkàn mi ò fẹ́ ẹ rárá. Kí lèèyàn ń wá lọ síbi tí wọ́n ti pa èèyàn? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́, mo lọ.

Ẹ jẹ́ kí n júwe ibẹ̀ fún yín. Àwọn ará ibí bá ara wọn jà láyé àtijọ́, apá kan orílẹ̀-èdè wọn dojú kọ apá kejì, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa tí wọ́n fi ń ṣẹrú sì wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, wọ́n fi pápá náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹnikẹ́ni ò kọ́lé sí i. Kòtò tí wọ́n sá pamọ́ sí ṣì wà níbẹ̀, àgbá tí wọ́n fi ń yìnbọn wà níbẹ̀. Wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀ gba àárín rẹ̀, wọ́n ri pátákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn sì ń kó ọmọ àti ajá wọn wá, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́. Ìyá mi, ilẹ̀ náà dára. Ó dúdú, ó rọ̀, ilẹ̀ iṣu gan-an ni. Ohun àkọ́kọ́ tí mo bi Bàbá ni pé ta ló ni ín tí kò fi gbin nǹkan kan sí i. Ó ní àwọn òkú ló ni ín.

Mo rántí yàrà àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa, tí bàbá wa máa ń nàka sí pé ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa dúró sí de ọ̀tá. Àwa ọmọ Ẹdẹ Màpó Arógun, ààtàn la sọ ọ́ dà. Ìyókù ti di ilé oníbúlọ́ọ̀kù.

A ò tíì rìn jìnnà tí mo fi rí ọkùnrin kan láàárín igi, tó wọ aṣọ sójà, tó gbé ìbọn gígùn dání. Àyà mi já. Mo yí kẹ̀kẹ́ Bàbá padà kíá, mo ti ń fi eré tì í bọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní ara àwọn tó ń fi ìtàn ogun han àlejò ni, pé ìbọn náà ò ní ọta nínú. Ọkùnrin ọ̀hún ṣí fìlà, ó kí wa. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀nà. Láti ọdún tí Bùrọ̀dá Kàmórù ti wọṣẹ́ sójà, mi ò lè wo irú aṣọ yẹn kí ọkàn mi má sọ kúlú.

Nígbà tó yá, a gun òkè díẹ̀ kan, a kan itẹ́ òkú. Àwọn òkúta kéékèèké tò lọ bí ebè, wọn ò ga ju kókósẹ̀ lọ, nọ́ńbà nìkan ló sì wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Mo ní orúkọ wọn ńkọ́? Bàbá ní àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn nìyẹn, pé ó ti pẹ́ kí wọ́n tó ráyè kó wọn jọ sin. Mo bọ́ bàtà mi láìrò ó, mo sálámà sí wọn bí ẹ ṣe kọ́ wa. Bàbá bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní àwọn òkú ni, pé nílé wa a kì í gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá láìkí wọn. Ó rò ó díẹ̀, ló bá ṣí fìlà tirẹ̀ náà, ó kí wọn ní gúdú mọ́níìn. Ọ̀sán ti pọ́n lákòókò yẹn o.

Ó wá nàka sí òkúta kan nídìí igi, ó ní kí n ti òun débẹ̀. Ó tẹ̀ ba lórí kẹ̀kẹ́, ó fọwọ́ gbá ewé orí rẹ̀ kúrò. Ó ní bàbá tó bí bàbá bàbá òun ní àbúrò kan tó kú sí pápá yìí, ọmọ ogún ọdún, wọn ò sì rí òkú rẹ̀. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ pé òun ló wà lábẹ́ nọ́ńbà yẹn. Ó ní wọn ò mọ̀. Ó ní ìyá ọmọ náà ló wá síbẹ̀, nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa lọ dúró de àwọn tó ń ti ojú ogun bọ̀. Ó rìn yíká títí, ó dúró níwájú òkúta kan, ó ní èyí ni tòun. Ó sunkún rẹ̀ níbẹ̀, ó padà sílé, ó kó aṣọ ọmọ náà fún àwọn àbúrò rẹ̀ pé kí wọ́n máa wọ̀ ọ́. Àtìgbà náà ni ìdílé wọn ti ń wá kí òkúta yẹn.

Ìyá mi, mo rántí ohun tí bàbá wa máa ń sọ, pé láyé ogun, bí ẹnìkan bá kú síbi tí wọn ò lè gbé e wálé, wọ́n á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wá fún àwọn ará ilé, kí ìyá rẹ̀ lè rí nǹkan sin, kó lè sunkún tán.

Ibẹ̀ la wà tí Bàbá fi bi mí bóyá mo ní ẹ̀gbọ́n. Ó kàn bi mí lásán ni. Ẹnu mi ló dáhùn kí n tó mọ ohun tó fẹ́ sọ.

“Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan. Ó kú sójú ogun.”

Èdè òyìnbó ni mo fi sọ ọ́, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá. Ọdún keje rèé, mi ò sọ ọ́ rí, mi ò sọ ọ́ fún ara mi pàápàá. Bàbá gbójú sókè wò mí.

“Ṣé ìyá rẹ mọ̀?”

Mo jókòó sórí koríko, èmi ọkùnrin, mo sunkún bí ọmọdé, àwọn tó ń rìn kọjá ń wò mí. Bàbá gbé ọwọ́ lé mi lórí.

Ìyá mi, ẹ ò mọ̀. Èmi ni mi ò jẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ẹ rántí pé nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pé wọn ò rí Bùrọ̀dá Kàmórù mọ́ níhà Bọ̀rọ̀nú, ẹ kọ oúnjẹ. Sílífá pè mí lọ́jọ́ kẹsàn-án pé omi nìkan lẹ ń mu, pé ẹ ò dá òun mọ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀rẹ́ Bùrọ̀dá kan tí wọ́n jọ wà lójú ogun pè mí. Ohun tó sọ fún mi gan-an rèé. Ó ní òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní ọta bà á láyà, pé ó ka kálímà ṣáhádà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ̀mí tó bọ́, òun lòun sì pa ojú rẹ̀ dé. Ìbọn tó ń dún ò jẹ́ kí wọ́n lè gbé e, nígbà tí wọ́n sì padà lọ, wọn ò bá a níbẹ̀ mọ́.

Mo gé fóònù, mo pè yín. Mo sọ fún yín pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè mí, pé ó rí i láàyè, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló farapa, pé àwọn ará abúlé kan ní Kamẹrúùnù ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ kígbe Alhamdulilahi. Ẹ ní kí wọ́n gbé ẹ̀kọ wá. Mo ń gbọ́ ọ lórí fóònù bí ẹ ṣe ń mu ún. Mo ní nínú mi pé tí ara yín bá yá, màá sọ òótọ́. Ara yín yá, mi ò sọ. Nígbà tó ṣe, ẹ ní kí n bá yín bèèrè bóyá ẹsẹ̀ náà ti san. Mo ní ó ti ń san. Ẹ sì ti lé ẹnìkan jáde nínú ilé wa tó dá a lábàá pé kí wọ́n kírun òkú sí Bùrọ̀dá lára, ẹ ní ọ̀tá yín ni. Ẹni náà ò ṣẹ̀ yín. Èmi ni mo fi ìkẹ́ pa yín lára.

Ìyàwó wa, ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀ jù. Ẹ pè mí lọ́jọ́ kan, ẹ ní ọkọ mi kékeré, ẹ dákun, kí lorúkọ abúlé náà? Mo pe orúkọ tó wá sí mi lẹ́nu. Sílífá sọ fún mi pé ẹ lọ dúró ní Sẹ̀kọ́nà, ẹ ń bi àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí òkè Ọya bóyá wọ́n mọ ibẹ̀. Kò sí abúlé kankan. Mo tún gbọ́ pé ọkùnrin rere kan ní Awo, télọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ń bẹ̀ yín, èsì kan náà lẹ sì ń fún un, pé ọkọ yín ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ mi lẹ gbé lé tí ẹ fi ń lo ìgbà èwe yín tán.

Àfùsá, mo mọ̀ pé o ti bi Sílífá pé kí ló dé tí bàbá rẹ kì í pè. Kò gbàgbé rẹ. Ó kú ni, ọmọ mi. Ká ní ó wà, ì bá ti pè ọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Kí Bàbá Làsísì pe Ààfáà wá, kí wọ́n kírun sí Bùrọ̀dá Kàmórù lára, bí ò tilẹ̀ sí òkú níwájú wọn. Kí Ààfáà sọ bí a ó ṣe ka ọjọ́ opó Ìyàwó wa, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lọ síbi tí ọkàn wọn bá fẹ́. Bí ó bá jẹ́ ilé wa ni wọ́n fẹ́ jókòó sí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé àwọn ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìpín Bùrọ̀dá nínú ẹran Iléyá tí ẹ máa ń gé sọ́tọ̀, tí ẹ ń sá gbẹ dè é lọ́dọọdún, ẹ fi ṣe sàárà fún un lọ́dún yìí.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ lórí fóònù. Tí mo bá gbọ́ ohùn yín, màá tún purọ́.

Ẹ bínú sí mi, Ìyá mi. Ẹ bínú dáadáa. Tí ẹ ò bá gbé ìpè mi títí ọdún fi yípo, mi ò ní sọ pé ó pọ̀ jù. Ẹ ṣáà jẹun lónìí, torí Ọlọ́run. Sílífá, má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Kí Ọlọ́run Ọba forí jin ẹ̀gbọ́n mi, kó fi Alijánnà ṣe ibùgbé rẹ̀. Kó fún Ìyàwó wa ní ìsinmi ọkàn, kó wo Àfùsá dàgbà. Kó dá ẹ̀mí yín sí títí n ó fi dé, kí ẹ lè rí mi nà bí ẹ bá fẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, tọmọdé tàgbà, ẹ bá mi kí àwọn ìyá tí ẹ jọ ń yan gàrí.

Èmi Múfútàù,
ọmọ yín ọkùnrin kan ṣoṣo tó kù.