Omi Tí Màmá Bù Fún Àwọn Agégi

Yàrá Ẹ̀yìn,
Ilé Yín.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Mo kí yín púpọ̀, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Mo nírètí pé ìwé yìí bá yín ní àlàáfíà, àti pé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín nígbà tí ẹ kọ̀wé kẹ́yìn ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀. Ara tiwa náà le níbí. Màmá ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń rán aṣọ. Mo fi èyí ṣáájú kí àyà yín má baà já, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

A borí. Adájọ́ dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn igi yín ní Ọjọ́bọ̀, ó sì dá Alágbàfọ̀ lẹ́bi. Ẹ ní kí n kọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ariwo ni mo máa ń pa lórí fóònù, ẹ kì í sì í gbọ́ nǹkan kan mú níbẹ̀. Kò burú. Mo ti jókòó, mo ń kọ ọ́.

Ẹ mọ̀ pé Alágbàfọ̀ ti ń bá àwọn igi yẹn jà láti ìgbà tó ti gba ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹ̀yìn ògiri wa gan-an ló ta okùn tó ń sá aṣọ sí. Ó ní ìbòòji máńgòrò kì í jẹ́ kí aṣọ òun gbẹ, ó tún ní àwọn ẹyẹ tó ń sùn lórí píà ń yàgbẹ́ sára aṣọ àwọn oníbàárà òun. Kò parọ́ níbẹ̀. Èmi fúnra mi rí kóòtù dúdú kan tó ti ní àmì funfun káàkiri bí ara awó. Ṣùgbọ́n àwọn igi náà ti wà níbẹ̀ kó tó dé, inú ọgbà yín ni wọ́n sì ti hù. Nígbà tó wá bá Màmá, Màmá ní kó gé ẹ̀ka tó bá wọ ọ̀dọ̀ tirẹ̀, kó fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ̀yin náà sọ bẹ́ẹ̀ fún un lórí fóònù. Ó ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ tí àwọn agégi dé, orí àkàbà ni mo wà, mò ń kun ilé ẹnì kan. Màmá nìkan ló wà nílé, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sábẹ́ máńgòrò bó ṣe máa ń ṣe. Ọkùnrin mẹ́ta wọlé pẹ̀lú ayùn oní-ẹ́ńjìnnì, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n ní onílé ti mọ̀ nípa iṣẹ́ náà. Màmá rò pé ẹ̀yin lẹ rán wọn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kọ́kọ́ fẹ́ pè yín, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé ẹ wà níbi iṣẹ́, òun kò sì fẹ́ kó dà bíi pé òun ń tojú bọ ohun tó jẹ́ tiyín. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé. Nígbà tí oòrùn mú, tí òógùn bo àwọn ọkùnrin náà, ó bu omi tútù sínú jọ́ọ̀gì, ó sì kó ife tì í, ó gbé e fún wọn. Kí n tó dé, máńgòrò, píà àti ọsàn ti wà nílẹ̀. Mo bi í pé ta ló ní kí wọ́n gé wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni." Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé wọ́n ti tàn wá jẹ.

Mo kọjá sọ́dọ̀ Alágbàfọ̀. Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, kò gbójú sókè. Ó ní, "Àbúrò, Màmá yín mọ̀ sí i. Lọ bi í. Ó fún àwọn òṣìṣẹ́ mi lómi mu." Mo ní kó gbé áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀ ná kí n tó bá a sọ̀rọ̀. Kò gbé e sílẹ̀, ó sì gbọ́n ní tirẹ̀, nítorí ọwọ́ ti ń yún mi.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni mo kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó jókòó nídìí kàńtà bi mí bóyá ẹnikẹ́ni fara pa. Mo ní rárá, igi nìkan ni. Ó ní ìjà aládùúgbò ni, kí n lọ bá lọ́yà. Mo wá lọ bá obìnrin tí ẹ júwe fún mi, èyí tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò ojú. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó bá wọ ọgbà ẹlòmíì tó sì gé igi níbẹ̀ láìgba àṣẹ ti jẹ̀bi lẹ́ẹ̀mejì: ó wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, ó sì ba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ jẹ́. Ó ní ẹ̀ka tó bá yọrí sọ́dọ̀ aládùúgbò, aládùúgbò lè gé e dé ojú ààlà, kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ó ní kí a pe ẹni tó ń wọn ilẹ̀ láti fi hàn pé inú ààlà yín ni àwọn kùkùté wà, kí a sì pe ẹnì kan láti ọ́fíìsì ọ̀gbìn kó wá díye lé igi tó ti ń so.

Ó tún ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àwọn ìtì igi náà kúrò, pé ẹ̀rí ni wọ́n. Mo gbọ́ ọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkóríta bẹ̀ mí títí pé kí n fún òun ní máńgòrò yẹn láti fi dáná. Mo ní kó lọ tọrọ rẹ̀ ní kóòtù. Láti ìgbà yẹn ló ti ń pè mí ní Akọ̀wé Kóòtù, búrẹ́dì tó bá sì jóná nídìí ló máa ń tà fún mi.

Èsì tí lọ́yà Alágbàfọ̀ kọ ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọn kò jiyàn pé àwọn gé igi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àgbàlagbà inú ilé fọwọ́ sí i: ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lọ́nà fún wọn, ó sì fún wọn lómi mu. Lọ́yà wa ní ọ̀nà kan ló wà láti fi pa ọ̀rọ̀ yẹn, ìyẹn ni kí a fi hàn pé Màmá kò ní àṣẹ tó lè fún ẹnikẹ́ni. Ó wá kọ ìwé ìbúra tí ẹ máa fọwọ́ sí. Màmá ní kí n kà á sétí òun. Ó wà níbẹ̀ pé Màmá jẹ́ "obìnrin àgbàlagbà kan tí mo gbà láàyè kó máa gbé inú ilé náà, tí kò sì ní àṣẹ kankan lórí rẹ̀."

Mo padà lọ bá lọ́yà pé kó yọ ọ́. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ fẹ́ jàre ni, àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pọ́n yín lé?" Mo ní méjèèjì. Màmá ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ, jàre. Ṣé irọ́ ló wà níbẹ̀ ni?" Mo fi í ránṣẹ́. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ sì dá a padà kíákíá. N kò mọ̀ bóyá ẹ kà á.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Alágbàfọ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi sítáàṣì lọ̀ títí ó fi le gbagidi. Adájọ́ pàápàá wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n pe Màmá. Lọ́yà Alágbàfọ̀ bi í pé ta ló ni ilé. Ó ní, "Ọmọ mi." Ó bi í pé kí ni Màmá jẹ́ níbẹ̀. Màmá ní, "Mo ń gbé ibẹ̀ ni. Mi ò láṣẹ kankan níbẹ̀." Lọ́yà ní bí kò bá láṣẹ, kí ló dé tó fi fún àwọn agégi lómi. Màmá ní, "Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n." Ó bi í bóyá gbogbo ẹni tó bá ń ba nǹkan jẹ́ ló máa ń fún lómi. Màmá ní, "Ìwọ náà, bí òùngbẹ bá gbẹ ọ́, màá fún ọ." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí "mi ò láṣẹ kankan" tó sọ ṣáájú ṣì wà ní etí mi.

Ohun tó parí ẹjọ́ náà ni ọ̀kan nínú àwọn agégi, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kò lè wo ojú Màmá. Ó ní Alágbàfọ̀ ló kọ́ àwọn ní ohun tí àwọn máa sọ, pé onílé ti mọ̀. Adájọ́ bi í pé kí ló dé tó fi wá jẹ́rìí. Ó ní òun kò lè mu omi obìnrin náà tán kí òun tún wá parọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó wá di Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n dá ẹjọ́ náà, adájọ́ ní omi kì í ṣe ìyọ̀ǹda, pé onílé ti sọ ohun tó fẹ́, Alágbàfọ̀ sì ti gbọ́. Ó máa san owó igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti owó lọ́yà wa, kò sì gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ wọ ọgbà yín mọ́. Oníbúrẹ́dì ti wá kó ìtì máńgòrò.

Ó yẹ kí ìwé yìí parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí. Láti ọjọ́ tí Màmá ti dúró ní kóòtù, ó ti di ẹlòmíì nínú ilé yìí. Ó fẹ́ gbé kàlẹ́ńdà kọ́, ó ní kí n bi yín bóyá òun lè kan ìṣó mọ́ ògiri. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn níbi tí kò sí ìmọ́lẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ dí ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, èyí tí a ń pè ní Ìyá Onídùùrù, wá kí i, òjò sì ń ṣú. Màmá ní kó máa lọ kílẹ̀ tó ṣú, pé òun kò tíì bi onílé bóyá àlejò lè sùn mọ́jú. Mo ní, "Màmá, kí lẹ ń sọ?" Ó ní, "Mo ti búra, ọmọ mi. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lè bínú sí mi, n kò ní torí ìyẹn yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ẹ má ṣe fi fóònù bá a sọ ọ́. Ó máa ní "ó dáa, mo ti gbọ́," ó sì máa tún padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ wá sílé. Ẹ dúró nínú ọgbà yín, kí ẹ bi í pé níbo ló fẹ́ kí ẹ gbin igi tuntun sí. Bó bá ní kí ẹ má gbìn ín síbì kan, ẹ má gbìn ín síbẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí èmi sì wà níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ìjáde yín àti ìwọlé yín, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ yín tọ́jú yín bí ẹ ṣe ń tọ́jú wa. Kí ìrìn ẹsẹ̀ yín rọrùn, kí ẹ bá wa láyọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí orí rẹ̀ le,
Akọ̀wé Kóòtù.

Mo tún rántí: kùkùté píà ti rú ewé. Mo fẹ́ bomi rin ín láàárọ̀ yìí, Màmá ní kí n dúró ná, kí n kọ́kọ́ bi yín. Mo ti bomi rin ín.