Koríko Tí Mo Bomi Rin

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta
Tíṣà àdúgbò wá bá mi. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Ó ní ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi ń ṣòfò, bẹ́ẹ̀ àwọn kan wà tí wọn ò ní ju fèrèsé lọ. Kí n jẹ́ kí ẹnì kan máa gbin nǹkan síbẹ̀, ká jọ máa pín ohun tó bá jáde. Mo ní mi ò fẹ́ àlejò. Ó ní, ṣé bí màá ṣe máa dá wo ògiri nìyẹn? Obìnrin yìí! Mo gbà kó lè máa lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Ẹni náà dé. Alágbàfọ̀ ni, yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé. Fìlà ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló dé nítorí oòrùn, ó sì ń bọ́ sí i lójú. Onífìlà ni mo sọ ọ́. Ó roko títí, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó ń lọ: "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá." Ìkíni ni àbí èébú?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Tẹ̀tẹ̀, ilá, ata ló gbìn. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, ìjókòó náà ni. Ó ń bá irúgbìn sọ̀rọ̀ — kí wọ́n má dójú ti òun níwájú Bàbá. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́.
Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta ni yóò máa wá.

Ọjọ́rú, 12
Ọjọ́rú gùn jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Mo fárùngbọ̀n. Àbíkẹ́yìn mi pè, ó ní ohùn mi yàtọ̀. Mo ní òtútù ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Onífìlà ní koríko ti tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó báyìí. Àyà mi já.

Ọjọ́bọ̀, 20
Kí n sọ òótọ́ fún ìwé, nígbà tí mi ò lè sọ ọ́ fún èèyàn. Mo ń bomi rin koríko. Èmi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, pẹ̀lú kẹ́tùlù, nínú oòrùn ọ̀sán. Ó sì ń hù dáadáa! Ìyàwó mi, bó o bá ń rí mi, má rẹ́rìn-ín. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ ti pọ̀ jù. Àárò ohùn tó ń dáni lóhùn nínú ilé ń sọ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25
Onífìlà tu koríko láti àárọ̀. Ó ní ilẹ̀ yìí lágídí. Mo wojú ọ̀run. Ẹ̀yìn ìyẹn, a jọ jẹ búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, kò sẹ́ni tó ń bi òun bóyá òun délé. Ni mo bá ní, "Ṣé ẹ délé?" Ó ní, "Bàbá, mo ṣì jókòó síbí o!" A rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù Kẹrin
A já tẹ̀tẹ̀, a pín in sọ́nà méjì. Ìgbà yẹn ni Onífìlà wá sọ ọ́. Tíṣà ti bá òun rí ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn ilé òun. Koríko tèmi ti pọ̀ jù fún ẹ̀yìn òun.
Koríko tèmi!
Ó dúró díẹ̀, ẹrù lọ́wọ́, bí ẹni tó ń retí nǹkan. Mo ní, "Ìyẹn á rọ̀ yín lọ́rùn." Ẹnu mi yìí, ọ̀tá mi ni.

Ọjọ́ Àìkú, 6
Mi ò tíì se ìpín tẹ̀tẹ̀ tèmi.

Ọjọ́ Ajé, 7
Mo tọ Tíṣà lọ. Ìwé ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀: àwọn onílẹ̀ lápá òsì, àwọn tó ń wá ilẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó rò pé mo wá pa orúkọ mi rẹ́. Mo gba bírò, mo kọ orúkọ mi sápá ọ̀tún.
Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílẹ̀?"
Mo ní ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé alágbàfọ̀ ni mo ń wá, kó bá mi sọ fún un. Kó sọ fún un pẹ̀lú pé èmi ni mo ń bomi rin koríko.
Ó ní irú iṣẹ́ yìí, wọn kì í rán èèyàn, kí n lọ jẹ́ ẹ fúnra mi.
Ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Onífìlà ni mo ti ń kọ èyí. Mo ti ka àtẹ̀gùn náà lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́rìnlá ni. Orúnkún, dárí jì mí.