Oyin Ìsọmọlórúkọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Sátidé, oṣù kẹjọ, 1988. Ògbómọ̀ṣọ́.

A ti dé láti Ọ̀yọ́. Wọ́n ti sọ ọmọ tí Bọ́sẹ̀, ọmọbìnrin wa, bí lórúkọ.

Mo gba abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà mi kí á tó kúrò nílé láàárọ̀, mo ní n óò jẹun tí a bá débẹ̀. Àfi bí pásítọ̀ wọn ṣe pẹ́. Bàbá ìyàwó wo ni yóò máa bèèrè oúnjẹ nílé àna kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ? Mo jókòó, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bí àdúrà ṣe bẹ̀rẹ̀, òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ìyá ọkọ Bọ́sẹ̀ ní, "Ẹ wo bí ayọ̀ ṣe ń gbọn bàbá ìyàwó!"

Ayọ̀ kọ́. Abẹ́rẹ́ tí mo gbà láìjẹun ló mú kí ṣúgà ara mi lọ sílẹ̀.

Ìyàwó mi ló mọ̀. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí n fi ṣúgà sí ògì! Ó dìde láàárín àdúrà, ó gbé abọ́ oyin tí wọ́n fẹ́ fi wúre fún ọmọ, ó ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ lá a."

Mo lá a.

Ìyá ọkọ Bọ́sẹ̀ figbe ta: "Háà! Ọmọ ò tíì tọ́ ọ wò!"

"Ọmọ á dúró, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún bàbá rẹ̀ àgbà."

Wọ́n fún wa ní ìgò oyin kan nígbà tí a ń bọ̀. Ìyàwó mi ti tì í mọ́ inú àpótí aṣọ rẹ̀, bó ṣe máa ń ti ṣúgà mọ́bẹ̀. Àmọ́ lónìí, ó fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà hàn mí.