Àga Ìyá Mi ní Ilé Aṣòfin

Sakété, Ọjọ́bọ

Inú ń bí mi láti ọ̀sán, n kò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí mọ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya pláàn àtúnṣe ilé àwọn aṣòfin yìí. Ará ìlú kì í rí àyè jókòó níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé àga wọn sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n lè máa wo àwọn depité, àwọn aṣòfin tí a dìbò yàn, nísàlẹ̀. Mo tilẹ̀ ṣe ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn fún àwọn tí orúnkún ń dùn. Ọ̀gá mi yìn mí.

Lónìí ni ìyá mi gbé gàrí wá fún mi láti Ita-Djèbou. Mo fi ibi tí yóò jókòó hàn án lórí pláàn.

"Èmi? Lókè orí àwọn tó ń ṣèlú? Ta ló bí mi dáa? Níbo ni n ó ti kúnlẹ̀ kí wọn?"

Mo ní ayé ti yí padà, ìránṣẹ́ wa ni wọ́n. Ohùn mi le jù. Ó ń dùn mí báyìí.

Kò bá mi jà. Ó kàn tún gèlè rẹ̀ wé. "Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí mo dìbò fún, ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ máa wò tó bá ń ṣèlérí. Kí ni àtàrí rẹ̀ fẹ́ sọ fún mi?"

Ó ti lọ.

Mo ti pa òkè yẹn rẹ́. Ọ̀gá á pariwo lọ́la. Mo gbé àpò gàrí lé etí pláàn kó má ká, mo sì ya àga kan sísàlẹ̀, níwájú gan-an, níbi tí ojú yóò ti ṣe mẹ́rin.